Èsì: Kí lèèyàn lè fi ọjọ́ kan ṣe ní Anstruther?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí lẹ lè bá àwọn ọmọ ṣe ní Anstruther, ní Scotland. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Isle of May ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ o, torí láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje ẹyẹ puffin máa ń kún erékùṣù yẹn bámúbámú, àgógó ẹnu wọn aláràbarà yẹn, àwọn ọmọ ò ní gbàgbé ẹ̀ láé. Tí òkun bá ń ru, ọkọ̀ ò ní lọ, ẹ yáa yà sí mùsíọ́ọ̀mù àwọn apẹja tó wà létí èbúté, látọdún 1969 ló ti wà níbẹ̀. Ẹ mú kóòtù tó nípọn dání o!