Èsì: Ṣé adápítà lẹ́ńsì àfọwọ́ṣe ṣì wúlò?

Àbúrò mi, o ní ṣé kó o fi páìpù omi ṣe adápítà tó máa gbé lẹ́ńsì Nikon àtijọ́ sórí kámẹ́rà fídíò ẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ o, mo ti ṣe é rí níbí n'Ìkòròdú, a fi ya ìyàwó kan létí ọ̀sà Ìpakodò, ẹ̀yìn ẹ̀ di bàìbàì, ó rẹwà gan-an.

Gíláàsì kan wà nínú adápítà náà tí wọ́n ha kó má mọ́ gaara, òun ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ o, lẹ́ńsì á ju àwòrán sórí ẹ̀, kámẹ́rà ẹ á wá ya orí gíláàsì náà. Láti ìdí lẹ́ńsì, níbi tó ti wọ adápítà, dé gíláàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ 46.5mm géérégé, tó bá fi díẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀, ohun tó jìnnà ò ní mọ́ láé. Àwòrán á dorí kodò, iná púpọ̀ á sì sọnù, torí náà má gbé e lọ pátì alẹ́. Gíláàsì yẹn sì gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá rí hóró ibi tí wọ́n ha lára ẹ̀ nínú fídíò, mọ́tò kékeré inú fóònù lèmi so mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí iṣẹ́ owó ni, jọ̀ọ́ má náwó sí i. Àtìgbà tí Canon 5D Mark II, kámẹ́rà fọ́tò tó ń ya fídíò, ti jáde ní 2008 ni nǹkan ti yí padà. Ra DSLR (kámẹ́rà fọ́tò tó ṣeé pààrọ̀ lẹ́ńsì ẹ̀) Canon tòkunbọ̀ tó ń ya fídíò, òrùka pẹlẹbẹ lásán á gbé lẹ́ńsì Nikon ẹ sórí ẹ̀, kò sí gíláàsì kankan.