Ẹ Bi Wá: Flash hider Jungle Carbine mi ń dán jù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Mo fi igi gbẹ́ Jungle Carbine, ìbọn àwọn sójà Britain ayé àtijọ́, fún wíwò lásán ni o, mo wá fi alumíníọ̀mù ṣe flash hider ẹnu ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń bo iná tó ń yọ lẹ́nu ìbọn, mo kùn ún ní dúdú, àmọ́ tíná bá ti tàn sí i báyìí, ńṣe ló ń rí bíi nǹkan ìṣeré ọmọdé. Ṣé kí n lu ihò ẹ̀ já ni?

Ìdáhùn: Ẹ má lù ú já, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lù ú wọlé díẹ̀ kẹ́ ẹ kun inú ẹ̀ dúdú, ojú ò ní mọ̀ pé ó dí, kò sì sẹ́ni tó máa rò ó pé òun fẹ́ fi sẹ́nu ìbọn gidi.

Péǹtì yín ni wàhálà. Ìbọn yẹn, No. 5 nínú ìdílé ìbọn Lee-Enfield, 1944 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ogun ń lọ lọ́wọ́, ta ló ráyè máa fá irin títí á fi máa dán bíi dígí? Ẹ fi sáńpépà pa dídán yẹn, kẹ́ ẹ wá lo péǹtì tí ò dán, kó fẹ́lẹ́ o, torí tó bá ti nípọn á bo gbogbo igun mọ́lẹ̀, igun yẹn gan-an lojú sì fi ń mọ irin. Tó bá gbẹ, ẹ rọra fi aṣọ ra etí iwájú àti ibi tí wọ́n ń fi bayonet, ọ̀bẹ ẹnu ìbọn, kọ́ lábẹ́, kí àwọ̀ irin yọ díẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ha. Ẹ má ha gbogbo ara ẹ̀, kì í dáa rárá.

Ẹ tún wo bó ṣe rí: bí àrọ ni, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ níwájú, torí ọ̀pá ìbọn náà kúrú, iná ẹnu ẹ̀ sì pọ̀, ó lè fọ́ ojú ẹni tó ń yìn ín lóru. Nítorí fífẹ̀ yẹn ni òrùka bayonet ẹ̀ ṣe tóbi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́ ọdún tẹ́ ẹ ṣe é sábẹ́ ẹ̀, kó wọnú irin. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọlọ́jà kan gé No. 4, Lee-Enfield tó gùn ju No. 5 lọ, kúrú, wọ́n fi àfijọ flash hider sẹ́nu ẹ̀, wọ́n ń tà á ní Jungle Carbine, ó sì ṣì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú títí dòní. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ bèèrè òfin ibi tẹ́ ẹ wà lórí àfijọ ìbọn, òfin 2006 ti Britain ò fọwọ́ kékeré mú èyí tó bá jọ gidi.