Àbúrò mi, ẹrù èèyàn méjì ni wọ́n dì rù ọ́

Àbúrò mi olùkọ́, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní akẹ́kọ̀ọ́ 52 ló wà ní kíláàsì rẹ, etí ọ̀kan kò gbọ́rọ̀ dáadáa, ọ̀kan ní autism (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré), tí o bá sì délé lálẹ́, ẹkún ni. O wá ń béèrè bóyá kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo ti wà níbi tí o wà yẹn. Ọdún kẹrìnlá mi rèé nídìí iṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo níbí, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí àwọn àkàndá ẹ̀dá ti ń jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù ní kíláàsì mi. Lọ́dún àkọ́kọ́, ọrùn mi gan, oorun dá lójú mi. Tí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Ọláìyá láàárọ̀, àyà mi á máa já. Nígbà tí mo yẹ BP (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wò, 160/100 ni, ó ti ga jù. Mo gbà pé ọmọ kan ló ń pa mí lọ.

Ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ ni. Bí aago mẹ́wàá bá ti ń lọ lù, á wọ abẹ́ tábìlì, á fọwọ́ di etí méjèèjì, á máa lọgun. Kíláàsì á dàrú. Lọ́jọ́ kan mo fi ìbínú fà á jáde, mo nà án ní pàṣán méjì. Kò sunkún, ó kàn ń wò mí. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Agogo ló ń bà á lẹ́rù. Ríìmù ọkọ̀ ni wọ́n so mọ́ igi máńgòrò lẹ́yìn fèrèsé wa, irin ni wọ́n sì fi ń lù ú. Ìyá rẹ̀ tó ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba ló là mí lójú: nílé pàápàá, tí ìkòkò bá já bọ́, ṣe ló máa ń sá. Mo ya agogo sórí páálí. Kó tó dún, màá gbé páálí yẹn síwájú rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fà á lọ́wọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igbe náà dín kù gan-an.

Ta ló yẹ kó ti sọ èyí fún mi? Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019 ní kí ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sì ní akẹ́kọ̀ọ́ 35 sí olùkọ́ kan. Ìwọ ní 52, o sì dá wà. Má fẹnu lásán sọ ọ́ fún ọ̀gá yín o. Kọ ọ́ sí lẹ́tà, tọ́jú ẹ̀dà kan. Lẹ́tà mi kẹta ni wọ́n tó dáhùn: olùkọ́ kan tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ọ̀yọ́ ń wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ní ti èyí tí etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ dáadáa, má sọ̀rọ̀ nígbà tí o bá kọjú sí bọ́ọ̀dù. Kọ̀wé tán, yíjú padà, kí o tó sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó jókòó níwájú, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì bọ́ sí ojú tìrẹ, kó lè rí ẹnu rẹ dáadáa.

Má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Lọ yẹ BP rẹ wò lọ́la, kódà bí o bá máa pẹ́ dé kíláàsì. Kọ lẹ́tà yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kí o wá sọ èsì tí wọ́n bá fún ọ fún mi.