Ọmọ mi ní Ọlọ́run Màmá le jù

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Houston ni mo ń gbé, Àgbádárìgì ni wọ́n bí mi sí. Nígbà ọlidé tó kọjá, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 10, lọ kí màmá mi nílé. A wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gbẹ́rẹ̀fú, erékùṣù tí wọ́n ti máa ń kó àwọn ẹrú lọ sókè òkun. Wọ́n fi kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú máa ń mu nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé hàn wá, wọ́n sì bá wa rin ọ̀nà iyanrìn tí àwọn ẹrú náà gbà dé etí òkun. Lóru ọjọ́ yẹn, màmá mi dìde sí àdúrà: iná, àrá, kí ọ̀tá ṣubú kó kú. Látìgbà tí a ti dé, ọmọ yìí kì í fẹ́ gbàdúrà mọ́. Ó ní Ọlọ́run Màmá le jù, pé nígbà tí wọ́n sì ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn èèyàn, kò sọ nǹkan kan. Ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi níbí, Olùṣọ́-àgùntàn tó ń gbé ọ̀dọ́ àgùntàn mọ́ àyà ni wọ́n fi kọ́ wọn. Ó ní èwo ni kí òun gbà. Kí ni kí n sọ, tí kò ní dà bíi pé mò ń bú ìyá mi?

Ìdáhùn

Ìyá ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Ọmọ Àgbádárìgì ni èmi náà, Dublin ni mo ti ń tọ́ àwọn tèmi, mo sì mọ irú àdúrà òru tí ẹ ń wí yẹn dáadáa. Ó máa ń jí adìyẹ.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní yára dáhùn ọ̀rọ̀ Gbẹ́rẹ̀fú. Ọmọ tó wo iyanrìn yẹn tó sì bi Ọlọ́run léèrè ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ kò rí. Ẹ ṣí Sáàmù 13 fún un, kó rí i pé "yóò ti pẹ́ tó" ni Dáfídì fi bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni Hábákúkù fi bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀. Ọlọ́run kò lé ẹnikẹ́ni nínú wọn jáde. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ kò bí Ọlọ́run nínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ ka Ìwé Ọba Kìíní orí 19, ẹ má sáré kà á. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé Èlíjà ni wòlíì oníná. Ó dá mi lójú pé Màmá ń pe Ọlọ́run Èlíjà nínú àdúrà. Ní orí 18, iná sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì. Ní orí 19, Jésébẹ́lì ránṣẹ́ pé òun yóò pa á, ọkùnrin oníná yìí bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó wọ aṣálẹ̀ lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun kú. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ bi ọmọ pé kí ló rò pé Ọlọ́run máa sọ. Àbígbẹ̀yìn mi ní Ọlọ́run máa sọ pé, "Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?" (Ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa, ẹ má wò mí.) Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde jẹun. Àkàrà wà lórí ẹyín iná, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún padà wá, ó tún ní kó jẹun, nítorí pé ọ̀nà jìn. Ìgbà tó dé Hórébù ni Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná dé, Olúwa kò sí nínú ọ̀kankan. Ẹ̀yìn iná ni ohùn kẹ́lẹ́ ti wá. Oúnjẹ àti oorun ló ṣáájú ìbéèrè. Kò sí ibi tí Ọlọ́run ti bá a wí pé ó fẹ́ kú. Iṣẹ́ ló fún un, Ó sì fi Èlíṣà kún un.

Ohun kan náà ni Jésù ṣe fún Pétérù ní Jòhánù 21. Ìdí iná ẹyín ni Pétérù dúró sí nígbà tó ń sẹ́ Ẹ, ó wà ní orí 18. Létí òkun Tìbéríà, Jésù tún dá iná ẹyín, Ó gbé ẹja lé e, búrẹ́dì wà níbẹ̀, Ó ní kí wọ́n wá jẹun. Wọ́n jẹun tán kí Ó tó bi í bóyá ó fẹ́ràn Òun. Ọmọ tó ti rí àwọn obìnrin wa tí wọ́n ń yan ẹja létí ọ̀sà máa rí i kedere.

Ní ti Màmá, ẹ má sọ fún ọmọ pé àdúrà wọn kò dára. Sáàmù 35 àti 109 kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ìyá àgbà gbé ìjà rẹ̀ lọ bá Ọlọ́run ju kó gbé e lọ bá aládùúgbò. Ọlọ́run mọ èyí tí yóò ṣe níbẹ̀ àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe Màmá nígbà tí ọmọ kò sí nítòsí, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé tí ọmọ wọn bá ti wà lórí fóònù, kí wọ́n ka Sáàmù 23, kí wọ́n kì í ní oríkì rẹ̀, kí wọ́n súre fún un. Èmi kò tíì rí ìyá àgbà tí wọ́n ní kó súre fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó kọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bí ẹ ṣe máa gba fóònù padà.

Tí ó bá tún dá ọ̀rọ̀ Gbẹ́rẹ̀fú sílẹ̀, ẹ sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún un. Wọ́n kó Oṣóògùn ní 1821, wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì yà wọ́n. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí lójú omi ní 1822, ó di Freetown. Ní oṣù Kìíní 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì tiwa, ó ti di àlùfáà. Abẹ́òkúta ló ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kú, ọ̀nà dàrú, ó sì ju ọdún kan lọ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹjọ 1846, ìyá rẹ̀ Àfàlà wá bá a ní Abẹ́òkúta. Àjàyí kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ìyá náà ń gbọ̀n, pé àwọn di ara àwọn mú láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ẹ má sọ fún un pé Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n kó Àjàyí kó lè túmọ̀ Bíbélì fún wa. Mo ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ, mi ò gbà á. Ẹnìkan máa ní, Jósẹ́fù ńkọ́? Jósẹ́fù fúnra rẹ̀ ló sọ pé Ọlọ́run yí ibi náà sí rere, lẹ́yìn tó ti sunkún tó. Kò sẹ́ni tó dúró létí ihò kó máa wí i sí i létí nígbà tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ pé ọ̀pọ̀ tó kọjá ní Gbẹ́rẹ̀fú, ìyá wọn kò rí wọn mọ́, àti pé ẹ kò mọ ìdí. Kí ẹ wá ka Aísáyà 49:15 fún un, níbi tí Ọlọ́run ti ní bí ìyá tilẹ̀ gbàgbé ọmọ ọmú, Òun kò ní gbàgbé. Wọ́n lè fún ẹrú lómi kó gbàgbé ilé. Ìyẹn kò kan ìrántí Ọlọ́run.

Àdúrà tí ó kọ̀ ńkọ́? Ẹ má fipá mú un. Kó jẹun alẹ́, kó sùn, kí ẹ̀yin gbà á fún un lókè orí, ní ṣókí, láìpariwo. Èyí tó tẹ̀ lé àkọ́bí mi ti dé Gbẹ́rẹ̀fú rí, ó sì ní òun fẹ́ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ tó bá gbà. Ọjọ́ Sátidé ló rọrùn fún wa, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Houston.