Orí idẹ mi yọ́ nínú kọ̀ǹpútà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé. Bàbá mi ní orí idẹ kan, wọ́n ṣe é bíi tàwọn ará àtijọ́, mo ní kí n sọ ọ́ di 3D, ìyẹn àwòrán téèyàn lè yí wò káàkiri nínú kọ̀ǹpútà. Mo gbé e sórí àwo tó ń yí, mo tan fláàṣì, mo ya fọ́tò 30, mo kó o sínú Meshroom, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi fọ́tò ṣe 3D. Nígbà tó máa jáde, imú ti yọ́, ẹ̀yìn orí ti lu. Kí ni mo ṣe tí ò da? – Ọmọ Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o káre, iṣẹ́ tó wù mí dénú lo dáwọ́ lé yìí.

Fláàṣì yẹn ló bà á jẹ́. Ṣé o rí i, ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń wá ibì kan náà nínú fọ́tò púpọ̀, bóyá igun ojú tàbí etí, bí ibẹ̀ ṣe ń sún láti fọ́tò kan sí èkejì ló fi ń ṣírò ibi tó wà. Idẹ sì ń dán, dídán yẹn ò dúró sójú kan, bí orí ṣe ń yí ló ń sá kiri, kọ̀ǹpútà á rò pé ara orí ni. Gbé e síta lábẹ́ ibòji, lọ́jọ́ tí oòrùn ò mú, wàá rí i tí àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ẹ̀ máa yọ kedere.

Àwo tó ń yí náà dá kún un o. Orí ń yí, ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ dúró gbọn-in, èwo ni kí kọ̀ǹpútà gbà gbọ́? Fi orí sílẹ̀ lójú kan, kí ìwọ máa yí i ká, nísàlẹ̀, láàárín, lókè, kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó wà nínú èyí tó ṣáájú ẹ̀. 30 kéré. Fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí kọ̀ǹpútà ò mọ̀ bóyá ó tó àgbọn ni àbí ó tó ilé.

Tó o bá fẹ́ fi nǹkan kọ́ ọwọ́ ná, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ń bẹ nítòsí ẹ, òkúta ni, kì í dán, àwọn ìṣó irin ara ẹ̀ á sì ran kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ gan-an. Ti músíọ́ọ̀mù ẹ̀gbẹ́ ààfin, gbàṣẹ kó o tó ya ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde lágboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Ifẹ̀ mélòó ló máa débẹ̀ láti wo ẹ̀yìn ẹ̀? 3D tó dáa á jẹ́ kí wọ́n yí i wò lórí fóònù.

Tún un yà, kó o fi ránṣẹ́ sí wa. Má gbàgbé ẹ̀yìn etí.