Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Alálùpùpù: Táyà Ìjàpá Lẹ́sẹ̀ Máṣíìnì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Yamaha V Star 650 Custom ni mo ń gùn. Tòkunbọ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó lọ sí Kánádà ló tà á fún mi. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ: àárín ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ilà ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣì dára. Ohun tí mo kà lára rẹ̀ ni 170/80-15 M/C 77S. Fọkanáísà àdúgbò wa ní kí n má da ara mi láàmú, pé táyà Volkswagen Ìjàpá, 165 onírímù 15, máa wọ̀ ọ́, kò sì ní tètè jẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní kí n lọ wá tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Ẹlòmíì ní kí n fi 180 sí i kí ìdí máṣíìnì lè kún dáadáa. Èmi àti ìyàwó mi la máa ń gùn ún lọ sí Ìbàdàn lópin ọ̀sẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Oníkrúsà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ewu ọ̀nà. Ẹni mẹ́ta ló gbà ọ́ nímọ̀ràn, mi ò sì ní fara mọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ti fọkanáísà ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ni tirẹ̀ lè gbé ènìyàn dé ọsibítù.

Kò purọ́ fún ọ o. Ìjàpá tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó ní 1975, rímù 15 ló ń lò, táyà 165 sì bá a mu. Bí fọkanáísà rẹ bá fi ọṣẹ pa á létí, tó fi irin tì í wọlé, tó sì fẹ́ atẹ́gùn rẹpẹtẹ sí i, ó ṣeé ṣe kó jókòó. Ṣùgbọ́n wíwọ̀ ọ̀tọ̀, yíyẹ ọ̀tọ̀. Etí táyà, níbi tí wáyà wà nínú rẹ̀ yẹn, ti mọ́tò kò rí bí ti alùpùpù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí etí ọ̀hún ń jókòó sí lára rímù. Nítorí náà, atẹ́gùn tí wọ́n máa fẹ́ sí i kó tó dún gbàù kó sì jókòó lè ju èyí tó yẹ kí ènìyàn fẹ́ sí táyà lọ. Mi ò ní fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn nígbà náà. Bó bá sì jókòó, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní yẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá já sí kòtò.

Èyí tó tún burú jù ni bó ṣe rí. Táyà alùpùpù rí roboto láti etí kan dé èkejì, ti mọ́tò tẹ́ pẹrẹsẹ. Mọ́tò kì í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó yà, alùpùpù ò sì lè yà láìfì. Bí o bá fì, táyà roboto á yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ojú tó fi tẹlẹ̀ kò ní dín kù. Táyà mọ́tò á dìde dúró lórí etí kan ṣoṣo, ìyókù á gbé kúrò nílẹ̀, á sì máa ti máṣíìnì pé kó padà dìde. Ìwọ á máa fọwọ́ bá ọwọ́ máṣíìnì jà ní kọ́nà, ìyàwó rẹ á sì wà lẹ́yìn tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Tó o bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, bi táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí. O ní àárín rẹ̀ ti tẹ́. Ṣé o ò tíì ṣàkíyèsí pé tó o bá fẹ́ yà, ó máa ń kọ́kọ́ lọ́ra, lẹ́yìn náà ló máa ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì bí ẹni pé ó fẹ́ já bọ́ lórí nǹkan? Ibi tí pẹrẹsẹ ti pàdé roboto lò ń gùn kọjá yẹn. Díẹ̀ ṣì ni ìyẹn. Ti mọ́tò á máa ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ọjọ́ tó ti wà ní tuntun.

Mo mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, àwọn oníkrúsà kan, àwọn tó ń gun irú máṣíìnì tìrẹ yìí, ń lo táyà mọ́tò, wọ́n tilẹ̀ ń pe ara wọn ní Darkside. Wọ́n á ní ó ń pẹ́. Ó lè pẹ́ lóòótọ́ lórí ọ̀nà wọn tó gún gbọọrọ láti ìlú dé ìlú. Àwọn tó ń ṣe táyà kò fọwọ́ sí i. Èmi náà kò fọwọ́ sí i, pàápàá fún ẹni tó ń gba ọ̀nà Ọmí-Àdìó lọ sí Ìbàdàn.

Ti 180 ńkọ́? Kò pa ènìyàn bí ti Ìjàpá, ṣùgbọ́n fáàrí lásán ni. 180 onírímù 15 tí o máa rí lọ́jà sábà máa ń jẹ́ 180/70-15, irú èyí tí Kawasaki Vulcan 900 ń lò. Jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú táyà ní mìlímítà. Èkejì ni pé mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn ni táyà fi ga láti rímù. Tìrẹ, 170 lọ́nà 80 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 136. 180 lọ́nà 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 126. Ìyẹn ni pé táyà tó o fẹ́ kó kún yẹn á mú kí ìdí máṣíìnì sọ̀kalẹ̀ ní mìlímítà 10, irin ìfẹsẹ̀lé á sì tètè máa ha ilẹ̀ ní kọ́nà. Lẹ́yìn èyí, rímù rẹ kò fẹ̀ sí i torí pé o ra táyà tó fẹ̀. Á fún un létí, àárín rẹ̀ á ta ṣónṣó, ojú tó fi ń tẹlẹ̀ lè má ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ò tíì sọ bóyá kò ní máa ra irin tó gbá wíìlì mú tàbí inú mọ́dígáàdì. Bí ìdí máṣíìnì bá wù ọ́ kó kún, báàgì aláwọ wà níta, ra méjì so mọ́ ọn.

Tòkunbọ̀ wá kù. Máṣíìnì tòkunbọ̀ dáa, èmi náà ń gùn ún. Táyà tòkunbọ̀ ni mi ò gbà. Ìjọba àpapọ̀ ti kà á mọ́ ọjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó wọ̀lú, nítorí náà àwọn tó ń kó o wọlé máa ń ki ọ̀kan sínú èkejì kí wọ́n lè rí ọ̀pọ̀ kó sínú kọ̀ǹténà. Táyà tí wọ́n ti ká, tí wọ́n fi agbára fún pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí òkun, okùn inú rẹ̀ lè ti já láìhàn lóde. Wọ́n á wá fi òróró pa á, á máa dán bíi ti tuntun. Lára mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, bí ọ̀kan bá bẹ́, mẹ́ta ṣì kù. Lẹ́yìn alùpùpù, ó ti tán.

Ibi yòówù kó o ti rà á, wo ọjọ́ orí rẹ̀ kó o tó náà á. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó o wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní 2019. Ọdún mẹ́rin ni àwọn FRSC ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé kí táyà má kọjá. Oníṣọ́ọ̀bù á sọ fún ọ pé kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ rí, pé inú ọ̀rá ló wà. Rọ́bà ń gbó nínú ọ̀rá náà, ooru ilé ìkẹ́rù wọn kì í sì í ràn án lọ́wọ́.

Èwo wá ni kó o rà? Èyí tí wọ́n kọ sára ògbólógbòó yẹn gan-an: 170/80-15, M/C sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, torí òun ló fi hàn pé ti alùpùpù ni. 77 ni ẹrù tó lè gbé, ìyẹn kílò 412. Ẹ̀yin méjì lẹ ń gùn ún, ẹ̀yìn ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo yín, nítorí náà má gba ohun tó bá kéré sí 77 kódà kí wọ́n ta á ní ìdajì owó. S ni eré, 180 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí o bá rí H, tí í ṣe 210, gbà á, kò léwu. Èyí tó kéré sí S ni kó o dá padà.

Wo bóyá R wà láàárín nọ́ńbà náà. Bí R bá wà níbẹ̀, rédíà ni, okùn inú rẹ̀ sì tò lọ́nà mìíràn sí ti iwájú rẹ, tí í ṣe 100/90-19 tí kò ní R. Má ṣe da méjèèjì pọ̀, ìwà wọn yàtọ̀ ní kọ́nà. Bí ó bá jẹ́ B ló wà níbẹ̀ dípò R, kò burú ní tirẹ̀, òun àti èyí tí kò ní lẹ́tà kankan lè jọ rìn.

Ìwọ̀n tìrẹ kò ṣọ̀wọ́n, a dúpẹ́. Dunlop D404 ní in, Metzeler ní in, Michelin Commander II ní in, Shinko 777 náà ní in. Bí owó bá wà, Commander ni mo máa mú, torí ó ń pẹ́. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ sí, Shinko tuntun ni mo máa mú ṣáájú olórúkọ ńlá tó ti gbó. Á tètè jẹ ju ti Michelin lọ, ṣùgbọ́n ó ń di ilẹ̀ mú dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ fọkanáísà, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ náà ń bà mí lẹ́rù. Táyà Bajaj Boxer 3.00-17 tí wọ́n ń fi irin méjì ṣí kí o tó ṣẹ́jú kò jọ èyí. Má jẹ́ kó fi òòlù lù ú. Rímù onísípóòkù ni tìrẹ, túùbù gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí o bá rí TUBELESS lára táyà tuntun, má fòyà, fi túùbù sí i bẹ́ẹ̀ náà. Kí túùbù jẹ́ tuntun, kó jẹ́ ti ìwọ̀n náà gan-an. Kí wọ́n pààrọ̀ ìgbànú rọ́bà tó bo orí àwọn sípóòkù nínú rímù, bí ó bá ti ya. Ọfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kó kọjú síbi tí wíìlì ń yí sí. Bí kò bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn báláǹsì, kó fi wíìlì kọ́ sórí irin àárín rẹ̀, kó yí i jẹ́jẹ́, ibi tó bá ń wá sísàlẹ̀ ló wúwo jù.

Ohun kan tún wà tí fọkanáísà kò ní rántí láé. Ṣáfúùtì ló ń yí wíìlì V Star rẹ, kò ní ṣéènì. Nígbà tí wíìlì bá ti jáde, wàá rí eyín tí òun àti ṣáfúùtì fi gbá ara wọn mú. Nù ún mọ́, kó o fi gírísì oní-molybdenum pa á. Àsìkò táyà nìkan ni eyín yẹn máa ń rí ojú ènìyàn. Bí ó bá jẹ tán láìní gírísì, owó rẹ̀ á jẹ́ kí owó táyà dà bí owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Atẹ́gùn: ra gééjì tìrẹ. Ìwé máṣíìnì ní nọ́ńbà méjì fún táyà ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ẹni tó dá gùn ún, ọ̀kan fún ẹni tó gbé èrò. Kí táyà tutù kó o tó wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ ta táyà wò ló máa ń fẹ́ ẹ jù, àárín rẹ̀ á sì máa jẹ ṣáájú ẹ̀gbẹ́, bí tìrẹ ṣe rí yìí. Rọra gùn ún fún nǹkan bí 150 kìlómítà àkọ́kọ́, kó o sì má lọ lọ́jọ́ òjò. Ara táyà tuntun ń yọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Vulcan 900 ni mo ń gùn, ní Peckham. Ilà táyà ẹ̀yìn ku mìlímítà 1.5, ó yege nínú MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin ibí ń béèrè. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní kí n pààrọ̀ rẹ̀, kí n sì pààrọ̀ ti iwájú pọ̀ mọ́ ọn. Ṣé kì í ṣe owó mi ló ń wá? — Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ọ̀gá náà jàre ní ìdajì. Mìlímítà 1 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè, lórí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbú ojú táyà, yíká. Ẹ ṣì wà lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ilà tó ku 1.5 kò lè lé omi kúrò lójú títì mọ́ bó ṣe yẹ, òjò ìlú yín kì í sì í sinmi. Ẹ pààrọ̀ ti ẹ̀yìn kí ìgbà òtútù tó wọlé. Ti iwájú, ẹ wo ilà rẹ̀, ẹ wo DOT rẹ̀, ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ń là. Bí kò bá sí nǹkan tó ṣe é, tí irú okùn inú rẹ̀ sì bá ti tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ rà mu, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Táyà iwájú krúsà sábà máa ń pẹ́ ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì.