Ṣé a lè so lífítì oúnjẹ mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń darí ilé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹnjiníà. Èmi ni mò ń bójú tó ilé alájà márùn-ún kan. Ilé ìdáná wà nísàlẹ̀, lífítì kékeré kan ló sì ń gbé oúnjẹ lọ sí àwọn àjà òkè. A ti so ẹ̀rọ amúlétutù, iná àti ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ BMS, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ẹ̀rọ inú ilé, a sì ń rí gbogbo wọn lójú kọ̀ǹpútà kan. Lífítì oúnjẹ nìkan ló kù. Bó bá bàjẹ́, àfi kí ẹnì kan sáré wá sọ fún mi. Ṣé a lè so òun náà mọ́ ọn? Ọ̀gá mi tún fẹ́ ká lè máa pè é, ká sì máa dá a dúró láti ojú kọ̀ǹpútà yẹn.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe, ó sì dára kí ẹ ṣe é. Àmọ́ ohun tí ọ̀gá yín fẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹ jẹ́ kí BMS máa wo lífítì náà, ẹ má jẹ́ kó máa wà á. Ojú ni kó jẹ́, kó má jẹ́ ọwọ́.

Lífítì oúnjẹ kì í gbé èèyàn. Ìlànà EN 81-3 tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù kò gbà kó gbé ju kílò 300 lọ, ó sì fẹ́ kí inú rẹ̀ kéré débi tí èèyàn kò ní lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni èèyàn ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò rí ẹni tó tẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ní àjà kẹta, tó na ọwọ́ mú àwo. Lóòótọ́, súwíìsì kan wà lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan tí kì í jẹ́ kí lífítì gbéra bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Àmọ́ súwíìsì a máa gbó. Mo sì ti bá èyí tí ẹnì kan fi wáyà tín-ínrín so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí iṣẹ́ má bàa dúró. Níbi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti wà, àṣẹ tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá lè gé ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó dúró níwájú lífítì ni kó máa tẹ bọ́tìnì.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n máa lò ó lóru, ìyẹn ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ ní kí àwọn tó ń tún lífítì ṣe fi ibi kan sílẹ̀ tí BMS yóò ti lè sọ fún un pé kó má gba ìpè tuntun mọ́. Yóò parí ìrìn tó wà lẹ́nu rẹ̀, yóò sì dúró. Dídá a dúró lójijì sáàárín àjà méjì kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Ní ti bí a ṣe ń so wọ́n, ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n fi relay mélòó kan, ìyẹn súwíìsì kékeré tí iná ń ṣí tó sì ń pa dé, sínú àpótí ìdarí lífítì, kí ojú relay náà má ní iná tirẹ̀, kó kàn máa ṣí, kó máa pa dé, kí BMS máa ka èyí. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ̀rọ méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní èdè kan náà. Méjì nínú irú èdè bẹ́ẹ̀ ni Modbus àti BACnet: Modbus wà láti 1979, BACnet sì jáde ní 1995. Bí wáyà RS-485, irú èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹ̀rọ kan dé èkejì, ni ẹ bá lò, ó lè gùn tó mítà 1200, àmọ́ ẹ̀rọ kan ni kó ti máa bọ́ sí èkejì ní ìlà kan, kò gbọdọ̀ yà bí ẹ̀ka igi. Kí wọ́n sì fi resistor ohm 120, èròjà kékeré tó ń dín agbára iná kù, sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí lífítì yín bá jẹ́ ẹyọ kan péré, wáyà mẹ́rin bíi mẹ́rin fún relay ti tó yín, ní tèmi. Wọ́n á máa sọ pé iná wà, pé ó ń rìn, pé ilẹ̀kùn kan ṣí, àti pé ó bàjẹ́. Ohun tí kò díjú kì í tètè yọnu.

Ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ BMS ṣí àpótí lífítì fúnra rẹ̀ o. Àwọn súwíìsì ààbò so mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan. Bí ẹnì kan bá fa wáyà lára okùn yẹn láìmọ̀, ó lè sọ ààbò gbogbo lífítì náà di asán. Àwọn oníṣẹ́ lífítì ni kó mú àmì jáde fún un.

Ohun kan tún wà tó dùn mí títí dòní. Nílé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, a so àmì ìbàjẹ́ lọ́nà tó jẹ́ pé ìgbà tí lífítì bá bàjẹ́ ni relay yóò tó pa dé. Àwọn tó ń tún àjà ṣe gé wáyà náà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Lífítì dúró ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú oúnjẹ nínú rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé àlàáfíà ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń so ó ní ìdàkejì: relay wà ní pípadé nígbà tí ara lífítì le, yóò sì ṣí bó bá bàjẹ́. Bí wáyà bá gé, tàbí tí iná bá lọ, BMS yóò pariwo. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; ojú tó bá fọ́ tí kò sì sọ fúnni burú ju àìlójú lọ.

Oúnjẹ yẹn gan-an ló yẹ kó jẹ yín lógún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oúnjẹ gbígbóná wà ní ìgbóná tó ju 60°C lọ, kí oúnjẹ sísè má sì lò ju wákàtí 2 lọ níta. Torí náà, kí ìfiránṣẹ́ ìbàjẹ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìdáná náà, kó má mọ sọ́dọ̀ yín. BMS á ti kọ aago tí lífítì dúró sílẹ̀, wọn kò sì ní máa méfò nípa bóyá kí wọ́n da oúnjẹ náà nù. Ní ti ilẹ̀kùn, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 3 kó tó pariwo. Bó bá ń ké ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń kó àwo, láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò sẹ́ni tí yóò dá a lóhùn mọ́.

Ẹ jẹ́ kó máa ka iye ìrìn àti bí ìrìn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ohun kan ti ń bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ó sì tètè pe oníṣẹ́.

Ní ti ìjàǹbá iná, wáyà tààrà ni kó ti inú ẹ̀rọ tó ń kéde iná lọ sínú lífítì. Kó má gba inú BMS kọjá, torí kọ̀ǹpútà lè máa tan ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ihò lífítì sì jọ ọ̀nà èéfín, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bákan náà, Modbus àtijọ́ kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó kan íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ tó buwọ́ lu iṣẹ́ náà, ẹ mú ọjọ́ tí ilé ìdáná kò dáná. Kí ẹnì kan wà nídìí kọ̀ǹpútà, kí oníṣẹ́ lífítì wà nídìí àpótí. Kó yọ wáyà kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó pa iná, kí ẹ sì wo ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ “DI-07,” ìyẹn nọ́ńbà ojú ibi tí wáyà náà ti wọ BMS, ló kọ, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí “Lífítì oúnjẹ: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀,” kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lè kà á kó sì mọ ibi tí yóò sáré lọ.